Orin Yìí, Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ṣe É? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Ètò Wa Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá ti pọ̀ ju ẹnu tí a fi ń dáhùn lọ. Àwọn kan ń dá wa dúró ní Tàkíè, àwọn kan ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn kan ń retí kí a jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń béèrè, nítorí náà a kó o jọ síbí. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ẹ bá wa fara dà á. Ọ̀rọ̀ ìlù kì í kúrú.

Irú ètò wo gan-an ni?

Podcast ni. Ẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù nígbà tó bá wù yín, ẹ kò ní máa jókòó ti rédíò de aago kan. Orin kan ṣoṣo la máa ń mú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣe é á jókòó, wọ́n á tú u palẹ̀: ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá, ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, ohun tí ìlù ń sọ nígbà tí olórin dákẹ́, ìlà tí wọ́n yọ kúrò nítorí pé ẹnì kan lè bínú. Bí wọ́n bá tú u tán, a ó wá gbé odindi orin náà sí i, kí ẹ tún un gbọ́.

Àwa kọ́ la dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Hrishikesh Hirway, olórin kan ní Los Angeles, bẹ̀rẹ̀ Song Exploder ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń gba ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ olórin: gíta nìkan, ìlù nìkan, ohùn ẹnu nìkan. Olórin á máa ṣàlàyé, a ó sì máa gbọ́ ohun tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 2020, Netflix sọ ọ́ di ètò tí a ń fojú wò. A gbádùn rẹ̀, a sì yá ọgbọ́n rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò ṣeé lò níbí láìtún un ṣe, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú orin wa kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá jókòó sínú yàrá ṣe. Bí ẹ bá bi olórin Ògbómọ̀ṣọ́ pé báwo ló ṣe ṣe orin rẹ̀, tí ẹ kò sì pe ẹlòmíràn mọ́ ọn, ìdajì ìtàn lẹ máa gbọ́.

Ní ètò ti Amẹ́ríkà yẹn, a kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí a ń gbọ́ tiyín?

Òótọ́ ni, Hirway máa ń gé ìbéèrè tirẹ̀ kúrò, olórin nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ó dára fún wọn lọ́hùn-ún. Níbí, àgbà onírárà kì í dá sọ̀rọ̀ sófìfo. Ó fẹ́ kí ẹnì kan máa ṣe “hẹn”, kí ẹnì kan máa wí pé “ẹ kú u rẹ̀, Màmá”, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dákẹ́, á máa wojú yín. Bí a bá sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tán tí a gé gbogbo “hẹn” kúrò, á wá dà bí ẹni tó ń jẹ́jọ́ níwájú adájọ́. Nítorí náà a fi kíkí àti “hẹn” sílẹ̀, a gé ìbéèrè gígùn. Oríkì tí wọ́n bá fi kí àwa fúnra wa, a máa ń gé e pẹ̀lú. Àwọn ará ilé wa nìkan ló ń béèrè rẹ̀.

Àwo àtijọ́ tí gbogbo ìlù ti wọnú ara wọn ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń tú irú rẹ̀?

Ìbéèrè tó dára jù lọ nìyí, òun náà ló sì fún wa níṣẹ́ jù.

Ní stúdíò òde òní, ohùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè pa gíta, kí ẹ gbọ́ báàsì nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àwo àpàlà, sákárà, dadakúàdà tàbí ìjálà tí àwọn bàbá wa ń gbọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dúró yí makirofóònù ká, ẹni tí ìlù rẹ̀ ń pariwo á sún sẹ́yìn, olórin á sún mọ́ iwájú, ó di kíkọ. Ohun tó bá jáde ni àwo. Kò sí gíta kankan níbẹ̀ tí ẹ lè pa.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ fún wa pé ètò kọ̀ǹpútà wà báyìí tó ń ya ohùn kúrò lára ara wọn. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orin àwọn òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni púpọ̀ nínú wọn ń pín orin sí: ohùn ẹnu, ìlù, báàsì, àti ohun yòókù. Níbo ni dùndún máa wọ̀ níbẹ̀? Ìlù ni, àmọ́ ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ẹ ó rí i pé ó gé ìyáàlù sí méjì, ó fi apá kan ti ohùn ẹnu, ó kó ìyókù lọ bá agogo. Ìyáàlù, kẹríkẹrì, ìsáájú, kànnàngó àti gúdúgúdú, márùn-ún ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò jọra, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a máa ń wá àwọn onílù, a ó gbé àwo náà fún wọn gbọ́, a ó wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan. Gúdúgúdú la máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni, ojú kan ló ní, ìda wà lójú rẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń lù ú, kì í sì í yí ohùn padà bí àwọn yòókù. Ohun kan náà ló ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ nìkan rí kò ní mọ̀ pé òun ni gbogbo ìyókù dúró lé. Lẹ́yìn náà a ó fi kànnàngó sí i, ìsáájú, kẹríkẹrì. Ìyáàlù ló ń kẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ọmọdé tó ń lu gúdúgúdú lè dá a lù dalẹ́. Bàbá tó ń lu ìyáàlù kì í fẹ́ dá lù. Á fa ọṣán, á sọ gbólóhùn kan, á dúró, á ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa bá mi gbè é díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn.” Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó ń fi ìlù sọ, orí iṣẹ́ àwọn yòókù ló ń gbé e lé. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti wọlé. Nítorí náà makirofóònù tirẹ̀ máa ń sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, àwọn ọmọ á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ wọn lókèèrè. Àwọn kan ti kọ̀wé sí wa pé àléébù ni, pé ó yẹ kí ó mọ́ gaara. Àwa gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Bákan náà ni ṣaworo tó ń dún lójú ìyáàlù: àwọn oní-stúdíò kan máa ń fẹ́ kí a tú u kúrò, àwa kì í tú u.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé onílù lẹ máa ń kọ́kọ́ pè, kì í ṣe olórin?

Ẹ mú páálí àwo èyíkéyìí tó wà nílé yín. Orúkọ olórin ló wà níwájú, àwòrán rẹ̀ ló kún ojú páálí. Àwọn onílù? “Àti ẹgbẹ́ rẹ̀.” Àwọn elégbè pàápàá kì í sábà rí tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lọ òde ìnáwó níbí mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Onílù ló kọ́kọ́ rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ ilé tó ti wá, ó mọ oríkì wọn, ó sì ti fi ìlù ki ẹni náà kí olórin tó mọ̀ pé ẹnì kankan wọlé. Olórin á wá gbà á lẹ́nu ìlù, á sọ ọ́ di orin, àwọn elégbè á gbè é. Bí gbólóhùn yẹn bá dùn, wọ́n á tún un lò lóde ẹlòmíràn, á wá di ìlà tí gbogbo ìlú mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé stúdíò, kò sẹ́ni tó ń rántí mọ́ pé ìlù ló kọ́kọ́ wí i.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ wa fi jẹ́: ta ló kọ́kọ́ mú un wá? A máa ń béèrè rẹ̀ nígbà tí olórin àti onílù bá jọ wà níjókòó. Nígbà kan, olórin yára dáhùn pé, “Èmi ni.” Bàbá onílù kò lanu rárá. Ó fi kọ̀ǹgọ́ sọ gbólóhùn kan lórí ìlù. Olórin bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa, Bàbá, ẹ̀yin ni. Ẹ má torí ẹ̀ fi ìlù bú mi lójú àlejò.” A kò gé ibẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé kò sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwo, kò sí bí yóò ṣe béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. A kò lè tún páálí àtijọ́ kọ. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni orúkọ tí a ń kà ní òpin ètò: olórin, onílù kọ̀ọ̀kan àti ìlù tó lù, elégbè, ẹni tó gbà á sílẹ̀, àti ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún, bí ó bá gbà kí a dárúkọ òun. Ó máa ń gùn. Àwọn kan sọ pé àwọn máa ń pa á níbẹ̀. Ẹ máa pa á, a ó ṣì máa kà á.

Ìjálà àti rárà ńkọ́? Ta ló ṣe wọ́n?

Ìlú tó bí Ògúndáre Fóyánmu kò lè ṣe irú ètò yìí kí ó fo ìjálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọdẹ tó ń sun ìjálà pé, “Bàbá, nígbà wo lẹ ṣe èyí?” ìbéèrè náà kò ní yé e, kò sì yẹ kó yé e. Oríkì ẹfọ̀n, oríkì ìkookò, oríkì ilé lágbájá, òun kọ́ ló dá wọn sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ló ti tò gba ìgbẹ́, ibi ìsìnkú ọdẹ àti ọdún Ògún, títí etí rẹ̀ fi kún.

Àmọ́ ẹni méjì kì í sun ìjálà kan náà. Ibi tó ti yẹ̀ láti oríkì ẹranko bọ́ sí ẹ̀fẹ̀, ibi tó ti dá ọ̀rọ̀ dúró kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, èébú tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá láìdárúkọ, bí ohùn ṣe ń gbọ̀n ní ọ̀fun rẹ̀, tirẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Nítorí náà ohun tí a máa ń béèrè ni: lọ́wọ́ ta lẹ ti gbọ́ èyí, kí lẹ sì fi kún un? Àwọn àgbà kan á dárúkọ ọ̀gá wọn, wọ́n á dárúkọ ọ̀gá ọ̀gá wọn, kí wọ́n tó dé orí ara wọn. Ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ètò ti lọ nígbà yẹn. Kò burú.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Àwọn akùnyùngbà tó ń ki Aláàfin láàfin, obìnrin ni wọ́n, oríkì ọba kan kò sì sọ nù lẹ́nu wọn bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn arókìn náà wà níbẹ̀, ìtàn ni iṣẹ́ tiwọn. Kò sí orúkọ ẹnì kan tí a lè fi sí ìdí ìlà èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹkún ìyàwó náà nìyẹn: ẹ̀gbọ́n àti ìyá ló ń kọ́ ọmọge ní bí yóò ṣe sun ún, òun á wá fi orúkọ ìyá rẹ̀ àti ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ sí i. Bí a bá pe ìyá àgbà kan láti tú ẹkún tó sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ọmọ ilé rẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì á máa tún ara wọn ṣe, ibẹ̀ ni ètò sì ti máa ń dùn jù.

Kí ló dé tí àwọn orin àtijọ́ kan fi kúrú, tí àwọn kan sì gba odindi ojú àwo?

Àwo ló fà á. Àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Olórin tó máa ń kọrin mọ́jú lóde wá ní láti yan èyí tó máa sọ àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá tó ń yí ní ìgbà 33 àti díẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tó yá, ojú kan gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Àwọn oníjùjú àti oníàpàlà bẹ̀rẹ̀ sí í so orin mọ́ orin láìdúró, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde gan-an.

Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà kan sọ nínú ètò wa pé òun kò dédé parí orin síbẹ̀, pé ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ ló gbọ́wọ́ sókè pé àwo ti kún, ẹ má rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ṣé ẹ máa ń gba orin ìsìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí.

Thomas Jefferson Bowen ti mú iṣẹ́ ìyìn rere àwọn Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, ilé ẹ̀kọ́ ìsìn wọn sì ti wà láti 1898. Ìlú àwọn akọrin nìlú yìí. Ohun tí àwọn ọ̀gá akọrin sì máa ń ṣàlàyé fún wa jù ni ìjà tó wà láàárín ohùn orin òyìnbó àti ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Orin àwọn òyìnbó ti ní ibi tó ń lọ sókè àti ibi tó ń sọ̀ kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi Yorùbá sí i. Bí orin bá lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ohun tí etí gbọ́ kò ní jẹ́ ohun tí ìwé kọ. A ti mọ́ ọn lára, a kì í fetí sí i mọ́; àlejò tí kò mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ló máa ń wojú wa.

Ọ̀gá akọrin kan jẹ́ kí a gbọ́ bí òun ṣe ń ṣe orin tuntun: kò sún mọ́ dùùrù rárá. Ó máa ń wí ọ̀rọ̀ náà, á tún un wí, á tún un wí, bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, títí ohùn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ á fi di orin. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ń wá dùùrù kàn. Bí onílù ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá akọrin náà kò fẹ́ kí a wí bẹ́ẹ̀.

Ní ti mọ́ṣáláṣí, oṣù Ramadan la máa ń dúró dè. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí èèyàn fún sààrì ni Sikiru Ayinde Barrister kọ́kọ́ ń kọ kí ó tó sọ ọ́ di fújì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fújì, ọ̀dọ̀ ajísààrì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bíìtì ńkọ́? Ṣé orin tiwọn náà wọ ètò yín?

Ó wọ̀ ọ́ dáadáa. Àwọn ni iṣẹ́ wọn rọrùn jù láti tú, nítorí pé gbogbo ohùn ló wà lọ́tọ̀ nínú FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe é. Lọ sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lálẹ́, bí iná bá wà, bíìtì ni ẹ ó máa gbọ́ láti yàrá dé yàrá.

Ohun kan wà tí a máa ń ṣe pẹ̀lú wọn tí a fẹ́ràn. Púpọ̀ nínú bíìtì wọn ní gángan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbé e, ẹlòmíràn ló lù ú, níbòmíràn. A ó béèrè pé, “Kí ni gángan yìí ń sọ?” Wọ́n á ní kò sọ nǹkan kan, pé ó kàn dùn ni. A ó wá gbé e fún ọmọ Àyàn kan kí ó gbọ́. Kì í pẹ́ tó fi máa ń túmọ̀ rẹ̀: oríkì ilé kan ni, wọ́n gé e lágbedeméjì, ó sì ń tún ìdajì gbólóhùn náà wí títí bíìtì fi parí. Ojú ọmọ tó ṣe bíìtì nígbà yẹn, a kì í rí i gbà sílẹ̀ nítorí pé ohùn nìkan ni ètò wa. Ọ̀kan nínú wọn padà wá bẹ Bàbá náà pé kó bá òun lu èyí tó pé. Bàbá bá a lù ú, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ máa ń sanwó fún àwọn tó bá wá?

Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ la máa ń fún olórin. Onílù tó bá gbé ìlù wá láti lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ la pè é fún, a sì máa ń san owó iṣẹ́.

Àṣẹ wo lẹ nílò kí ẹ tó gbé odindi orin sí ètò?

Àṣẹ méjì. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ àti ohùn orin sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ sórí àwo ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n lè jẹ́ ẹnì kan náà. Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, ilé iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti olórin fúnra wọn, ṣùgbọ́n irú wọn kò wọ́pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn ló ni àwo, olórin lè fi gbogbo ọkàn gbà fún wa, kó má sì ní agbára láti gbà.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí a ń lò ní Nàìjíríà báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀tọ́ ẹni tó dá orin sílẹ̀ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ti ohùn orí àwo jẹ́ 50 ọdún láti ìparí ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Nítorí náà, a máa ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni àwo àti lọ́wọ́ olórin tàbí ìdílé rẹ̀. “Wọ́n ti ní kí ẹ máa lò ó” kò tó, kódà bó jẹ́ àbúrò olórin ló wí i. Ibi tí a kò bá ti rí ìwé gbà, àwọn onílù á tún un lù, olórin á kọ ìba díẹ̀ tó bá gbà láti kọ, ẹ kò ní gbọ́ àwo náà fúnra rẹ̀.

Níbo lẹ ti ń gbà á sílẹ̀?

Ibi tó bá rọrùn fún àlejò. Òrùlé páànù ni ilé púpọ̀, bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni ọ̀tá kejì. A máa ń lo ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dá lórí iná.

Ìlù ní tirẹ̀. Nígbà òjò, awọ máa ń rọ̀, ohùn ìlù á lọ sílẹ̀, wọ́n á ní láti sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná díẹ̀ kó tó le. Nígbà ọyẹ́, awọ á gbẹ, ohùn á ta. Nítorí náà orin kan náà lè dún yàtọ̀ nínú ètò wa sí bó ṣe dún lórí àwo, kí ẹ má rò pé onílù ló gbàgbé. Bí ẹ bá bá wọn níbi iṣẹ́, ẹ kí wọn pé Àyàn á gbè wọ́n, ẹ má sì jókòó lé ìlù. Ó yẹ kí a má tilẹ̀ sọ èyí, àmọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí…

Dátà mélòó ló máa jẹ?

Ètò oníṣẹ́jú 40 jẹ́ nǹkan bí MB 38 bí ẹ bá mú èyí tó dún dáadáa, tàbí MB 19 bí ẹ bá mú èyí tó fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ nínú èyí tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ṣaworo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í mọ́ etí níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi earphone, èyí tí a ń kì bọ etí, gbọ́ ọ. Gbohùngbohùn fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù jáde.

Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí olórin sọ ẹni tó ń bú nínú orin rẹ̀?

Ẹ fẹ́ràn ìbéèrè yìí jù. Rárá. Orin èébú kún ilẹ̀ yìí, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì pọ̀: bí wọ́n ṣe ń fi òwe bo orúkọ mọ́lẹ̀, bí olórin ṣe ń dákẹ́ kí ìlù lè parí èébú náà, kí ó má bàa sí ẹni tó lè sọ pé ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ. A máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, a kì í béèrè ẹni tó fara gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bú ṣì wà láàyè, àwọn kan sì ti di àna ara wọn.

Mo ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nílé, ti òde kan tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?

A fẹ́ ẹ gidigidi, ju àwo tí wọ́n ń tà lọ. Ẹ má tíì gbé e sínú ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ẹ kò dán wò rí, ó lè jẹ téèpù inú rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Bí ọwọ́ bá ti kọ nǹkan sára páálí rẹ̀, bó ti wù kó parẹ́ tó, ẹ má nù ún. Kí ẹ tó mú un wá, ẹ bi àwọn àgbà ilé ní nǹkan méjì: ìnáwó ta ni, àti ta ló lùlù níbẹ̀. A ó gbà á sórí kọ̀ǹpútà, a ó sì dá kásẹ́ẹ̀tì yín padà fún yín.